Ẹni Tí Yóò Ki Ẹṣin Irin Gbọ́dọ̀ Mọ Ìjánu Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Alùpùpù ni mo fẹ́ yìn. Kì í ṣe irú èyí tí à ń gùn lọ sí Lùsádà àti Atan lójoojúmọ́ o. Alùpùpù àtijọ́ kan láti orílẹ̀-èdè Japan ni, tí wọ́n ń pè ní Honda CB750, tí ó dé ọjà ní ọdún 1969. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Alápòtí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. N kì í ṣe mẹkáníìkì. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ kan iṣẹ́ mi gbọ̀ngbọ̀n, ó sì kan tiyín náà. Ìbéèrè mi rèé: àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní oríkì, ǹjẹ́ àwa fúnra wa ṣì mọ bí a ti ń yin nǹkan?

Mo fi àwòrán alùpùpù yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2. Gbogbo wọn ló pariwo. Wọ́n ní ó rẹwà, wọ́n ní ó ga jù. Mo wá bi wọ́n pé kí ni ó rẹwà níbẹ̀. Ọ̀kan ní àwọ̀ rẹ̀ ni, òmíràn ní ó ń dán. Lẹ́yìn èyí, kẹ́kẹ́ pa. Kò sí ẹni tí ó lè dárúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ márùn-ún kí ó sì sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀kadà ni bàbá ẹni méjì nínú wọn fi ń tọ́ wọn. Èrò tèmi ni pé ìyìn tí kò ní ìmọ̀ nínú, ariwo lásán ni. Oríkì kò rí bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé. Ẹni tí yóò ki ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ orírun rẹ̀, iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ àti ìwà rẹ̀. Ọdẹ tí yóò sun ìjálá nípa ẹfọ̀n gbọ́dọ̀ mọ bí ẹfọ̀n ti ń rìn, bí ó ti ń jà àti ibi tí ó ti ń mumi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo alùpùpù yìí bí ọdẹ ti í wo ẹran, kí a tó sọ pé ó rẹwà.

Láti orírun ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1906 ni wọ́n bí Soichiro Honda ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Hamamatsu ní Japan. Alágbẹ̀dẹ ni Gihei bàbá rẹ̀, ó sì máa ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe pẹ̀lú. Nídìí ẹwìrì ni ọmọ yìí ti kọ́kọ́ mọ ohùn irin. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, ó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Tokyo. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí epo àti ọkọ̀ ti wọ́n ju ojú lọ, Honda rí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí àwọn ológun ń lò tẹ́lẹ̀ fún rédíò wọn. Ó so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ní ọdún 1946, kẹ̀kẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn. Ní 1948 ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Alùpùpù tí wọ́n ṣe jáde ní 1949, 'Dream' ni wọ́n sọ ọ́, èyí tí í ṣe Àlá ní èdè wa. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n tún fún CB750 ní ilẹ̀ Japan.

Kì í ṣe Honda nìkan ni ìtàn rẹ̀ rí báyìí. Ní agbègbè Hamamatsu yìí kan náà, Michio Suzuki bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ ní ọdún 1909, kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó di ti alùpùpù. Ní ìlú yìí náà ni Torakusu Yamaha ti tún dùùrù ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe ní ọdún 1887. Láti orí dùùrù ni ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti dé orí alùpùpù ní 1955. Ẹ wo àmì Yamaha dáadáa tí ẹ bá tún rí i lára alùpùpù: irin mẹ́ta tí àwọn olórin fi ń wá ojúlówó ohùn ni wọ́n yà síbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, onídùùrù! Ṣé irú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá ni? Ta ni kò mọ ìdílé àgbẹ̀dẹ? Ta ni kò mọ Ìsẹ́yìn àti aṣọ òfì?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní ọdún 1954, Honda lọ sí erékùṣù Isle of Man, níbi tí àwọn ará Yúróòpù ti ń fi alùpùpù sáré ìdíje. Ohun tí ó rí níbẹ̀ bà á lẹ́rù, nítorí alùpùpù wọn lágbára ju tirẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Kò kàn dúró kí ó máa kan sáárá sí wọn. Ó ra àwọn ẹ̀yà ara alùpùpù wọn, ó kó wọn relé, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń yẹ̀ wọ́n wò. Ọdún 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ lọ díje ní erékùṣù náà; nígbà tí yóò fi di 1961, àwọn ni wọ́n gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje alùpùpù sísì 125 àti sísì 250. Ohun tí mo pè ní ìyìn tí ó ní ìmọ̀ nínú nìyẹn.

Ní báyìí, a ti dé orí ẹran náà fúnra rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ fi CB750 han ayé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Tokyo. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá nínú alùpùpù ńlá. Pístìnnì méjì ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ jù lọ nínú tiwọn. Nígbà tí pístìnnì ńlá méjì bá ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, gbogbo ara alùpùpù á máa gbọ̀n. Yàtọ̀ sí èyí, àárín gbùngbùn ni wọ́n ti ń la ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì wọn sí méjì lóòró, bí ẹni la obì, ọ́ìlì a sì máa jò láti ojú ìlà náà. Honda fi pístìnnì mẹ́rin tí kò tóbi síbẹ̀, ó tò wọ́n ní ìbú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí méjì bá ń gòkè, méjì á máa sọ̀. Bí èyí bá fẹ́ mi ọkọ̀, èkejì á pẹ̀tù sí i. Ó tún la ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà ní ìbú bí ìkòkò àti ọmọrí, kí ọ́ìlì má baà máa jò. Ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ sísì 736, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 67, ó sì lè sáré dé nǹkan bíi kìlómítà 200 ní wákàtí kan. Sálẹ́ńsà mẹ́rin tí ń dán ni ó yọ sẹ́yìn, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ẹni tí ó bá ka sálẹ́ńsà wọ̀nyí ti ka iye pístìnnì inú rẹ̀ láìtú ẹ́ńjìnnì. Ẹwà ìta rẹ̀ ń sọ òtítọ́ nípa inú rẹ̀. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí i pé ó rẹwà ní tòótọ́ nìyẹn.

Ibi kejì tí ó ti rẹwà ni ìjánu rẹ̀. Mo mọ̀ pé 'bíréèkì' ni a sábà máa ń wí, ṣùgbọ́n ìjánu ni àwọn ẹlòmíràn ṣì ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì dára. Láti ẹnu ẹṣin ni a ti mú un wá sí ara ọkọ̀. Ìjánu tí ó wà lára àwọn alùpùpù ìgbà náà, inú agolo irin tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń pamọ́ sí. Bí ènìyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí eré, ooru á mú un, kò ní lè mú ọkọ̀ mọ́. Honda fi àwo irin pẹrẹsẹ sí ẹsẹ̀ iwájú CB750, ní ìta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Bí ẹni tí ó gùn ún bá fi ìka fa irin ọwọ́ ọ̀tún, epo inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á ti ohun ìdìmú mọ́ àwo náà, ọkọ̀ á sì dúró. Kí CB750 tó dé, kò sí ilé iṣẹ́ ńlá tí ó fi irú ìjánu tí epo ń tì báyìí sára alùpùpù tí ó ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún ọjà. Ẹ kíyè sí i: àwọn tí wọ́n fún un ní eré, àwọn náà ni wọ́n fún un ní ìdúró. Wọn kò yọ èkejì sílẹ̀.

Ayé gbà á ju bí wọ́n ti rò lọ. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (1,500) ni wọ́n pinnu láti máa ṣe lọ́dún kan. Kò pẹ́ tí iye yìí fi di ti oṣù kan, nígbà tó yá, ó di 3,000 lóṣù. Ní oṣù kẹta ọdún 1970, Dick Mann fi irú rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Daytona 200 ní Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, àwọn tí wọ́n ní in sì ń gùn ún káàkiri ayé, nítorí pé gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ni a ti kọ sílẹ̀, tí a sọ lórúkọ, tí a sì ṣàlàyé. Ohun tí a bá sọ lórúkọ tí a sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni a lè tún ṣe. Èyí tí a kò bá mọ̀, bí ó bá bàjẹ́, ọwọ́ àwọn tí ń ra irin àlòkù ni yóò lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọn yóò ní, "Tíṣà, ṣé alùpùpù tí ó ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀ ni ẹ ń yìn fún ọmọ wa?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìdí wà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ọdún 2012 tí ó dín ọ̀nà tí ọ̀kadà lè gbà kù, tí ó sì tún le sí i ní oṣù kejì 2020 àti oṣù kẹfà 2022. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni alùpùpù ń pa jù? Ṣé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni, àbí ẹni tí ó kàn ń wò ó pé ó ń sáré? Ọmọ tí ó mọ ìdí tí ìjánu fi ń gbóná, tí ó mọ̀ pé bí eré bá ti di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ yóò ti lè dúró yóò jìnnà tó ìlọ́po mẹ́rin, ọmọ náà ni yóò wá akoto dé kí ó tó gun ọkọ̀. Ọmọ tí ó bá sì mọ 'ó ga jù' nìkan, eré nìkan ni yóò máa wá. Kì í ṣe ìyìn ni ó ń fa jàǹbá. Ìyìn tí ó fi ìjánu sílẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn yóò ní ohun àjèjì ni, kò yẹ ní ohun tí à ń fi oríkì ṣe. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn agbẹ́gilére gẹ̀lẹ̀dẹ́, láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín dé Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ti gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ̀ òfurufú àti alùpùpù sórí ère tí wọ́n ń gbé jó. Àṣà ìbílẹ̀ yìí náà ni àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún fún gbogbo ayé. Bí agbẹ́gilére bá lè gbé alùpùpù sórí ère láìbẹ̀rù, kí ni ó ń ba akéwì àti olùkọ́ lẹ́rù?

Èdè wa pàápàá kò bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ wo orúkọ náà: alùpùpù. Ìró rẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ìfìrógbóyèyọ tí à ń kọ́ ní kíláàsì gan-an nìyẹn. Ẹ wo ọ̀kadà, tí àwọn ènìyàn yá lára Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, nítorí pé alùpùpù akérò ń fò kọjá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ Maruwa, tí wọ́n fi orúkọ Buba Marwa, gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Èkó láàárín 1996 sí 1999, pè. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ lọ jókòó fún wákàtí kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Alápòtí kí ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ púlọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀, kílọ́ọ̀ṣì, jíà àti ṣéènì. Ẹ ó gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì yìí ń jẹ epo, pé kò fa mọ́, pé ó kú lójú ọ̀nà. Kí ni à ń pè ní ìfohunpènìyàn bí kì í bá ṣe èyí? Mẹkáníìkì ń lo ọnà-èdè láti òwúrọ̀ dé alẹ́, àwa sì wà nínú kíláàsì, à ń wá àpẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ wá lógún ju àwọn ará ibòmíràn lọ. Ọ̀tà kì í ṣe àjèjì sí Honda. Ọdún 1979 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Honda sílẹ̀ níbẹ̀, ní 1981 ni iṣẹ́ alùpùpù sì bẹ̀rẹ̀. Láti Sango dé Àgbárá, ọmọ oníṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń kọ́. Irin, iná àti ẹ̀rọ ni òbí wọn ń bá jà lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá dé kíláàsì Yorùbá wa, àgbẹ̀, ọdẹ àti ọba nìkan ni wọ́n ń bá pàdé. Àwọn wọ̀nyí dára, n kò ní kí a sọ wọ́n nù. Ṣùgbọ́n ọmọ náà á rò lọ́kàn ara rẹ̀ pé èdè bàbá òun kò lè dé ibi iṣẹ́ bàbá òun. Ibi tí èdè ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn.

Ṣé èdè Yorùbá lè ru ẹrù ìmọ̀ ẹ̀rọ ni? A ti dáhùn ìbéèrè yìí rí. Ní ọdún 1970, nígbà tí CB750 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kárí ayé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n wọ́gi lé e. N kò ní sunkún lórí ìyẹn níhìn-ín. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ tí ìjọba kò ní kí a ṣe, kò sí ẹni tí ó ní kí a má ṣe é nínú ogójì ìṣẹ́jú kíláàsì Yorùbá tiwa.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́ta. Èkíní, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ni ní àròkọ asàpèjúwe, ẹ fún àwọn ọmọ ní ẹ̀rọ kan láti ṣàpèjúwe, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n lè fojú rí. Èkejì, ẹ rán wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí wọ́n lọ gba orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí wọ́n sì bi í pé iṣẹ́ wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ẹ̀kẹta, ẹ ní kí wọ́n ki ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì má gba ìlà kankan tí kò dúró lórí ohun tí ó jẹ́ òtítọ́. Èmi náà gbìyànjú ti CB750 fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó lọ báyìí:

Honda, ọmọ alágbẹ̀dẹ,
Àlá tí a lá lójú oorun, tí a fi irin rọ lójú ayé.
Onísálẹ́ńsà mẹ́rin bí ẹni fọn fèrè mẹ́rin lójú agbo.
Pístìnnì méjì ń gòkè, méjì ń sọ̀,
Wọn kì í bára wọn jà.
Ó ní agbára ẹṣin mẹ́tàdínláàádọ́rin,
Ó sì ní ìjánu níwájú.
Asáré-má-gbàgbé-ìdúró.

Kì í ṣe ewì ńlá. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè bi mí pé, "Sà, báwo ni?", kí n sì dáhùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá tún rí alùpùpù tí ó rẹwà, ì báà jẹ́ ti Japan àtijọ́, ì báà jẹ́ Bajaj tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ má ṣe yára pariwo. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó. Ẹ ka sálẹ́ńsà rẹ̀. Ẹ wá ìjánu rẹ̀ rí. Ẹ bi ẹni tí ó ni ín ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sọ fún wa ní èdè Yorùbá ìdí tí ó fi rẹwà. Mo ń retí oríkì yín.

Ire o.